Aṣọ Ìbora Mi Ni Kí O Fi Pọn Mọyọ̀

Ìyá Mọyọ̀,

Mo ti lọ sí oko Omifunfun. Má pè mí, mi ò ní gbé e. Ẹ̀kọ Mọyọ̀ wà nínú fúláàsì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Mo nawọ́ sí ọmọ tí èmi pẹ̀lú rẹ jọ lọ gbà tọ́ ní kóòtù, ó figbe ta. Gàzálì awakọ̀ kàn yọjú lẹ́nu ọ̀nà báyìí, Mọyọ̀ pariwo "Bàbá!", ó sì dì mọ́ ọn lọ́rùn. Gàzálì wá ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé èmi lọmọ yìí mọ̀ ní bàbá!" Ìwọ náà bá a rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn dáadáa.

Lọ́jọ́bọ̀ tí a bá ń lọ sí Gánà, bí ó bá ké báyẹn lọ́wọ́ mi ní pápákọ̀ òfurufú, àwọn aṣọ́bodè á ní mo jí ọmọ gbé ni. Nítorí náà, Gàzálì kò ní gbé wa lọ sí Èkó. Wá awakọ̀ mìíràn ní gáréèjì Ore.

Aṣọ tí mo fi ń bora wà lórí àga. Má fọ̀ ọ́. Òun ni kí o máa fi pọn Mọyọ̀ títí di Ọjọ́bọ̀, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tí kò tíì mọ bàbá rẹ̀, kí òórùn mi lè mọ́ ọn lára. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá gbéra, ọrùn mi ni mo fẹ́ kí ó dì mọ́.

Èmi ni, Bàbá Mọyọ̀. Kì í ṣe Gàzálì.