Màmá Mí-Kanlẹ̀, Ẹni Tó Kọ́ Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Bà Lé Ojú Ènìyàn

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta ọdún 1946 ni a bí ìyá wa, nínú ilé alájà kan tó kọjú sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bàbá wọn ń tún aago ṣe, ìyá wọn sì ń fọṣọ fún ilé ìwòsàn. Ọmọ márùn-ún ni òbí wọn bí. Màmá ni àbíkẹ́yìn, àwọn nìkan sì ni obìnrin.

Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1964. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n di akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pàdé bàbá wa, tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó àpò lẹ́tà. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1971. Bàbá a máa ṣàwàdà pé ìwé ìfẹ́ tòun nìkan ni kò gba sítáǹbù ní gbogbo ilé iṣẹ́ yẹn.

Ní 1987, Màmá ra kámẹ́rà àlòkù. Ká má parọ́ torí òkú: àwòrán àkọ́kọ́ wọn kò dára. Wọn a to gbogbo wa sínú oòrùn ọ̀sán gangan, ojú wa a wá dà bíi kòtò méjì, a ó gan bí òpó iná. Nígbà tí àǹtí wa, àbúrò bàbá wa, rí tiwọn, wọ́n pariwo pé, “Ṣé àgọ́ ọlọ́pàá lẹ fẹ́ fi èyí ránṣẹ́ sí ni?”

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Wọn a gbé ẹyin sí ojú fèrèsé, wọn a máa wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí i ká. Wọ́n ta aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun sí òdì-kejì, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí ẹ̀gbẹ́ ojú tó ṣókùnkùn. Wọ́n kọ́ láti ní kí èèyàn fara ti ẹsẹ̀ kan, kó yí èjìká díẹ̀, kó sì mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó tẹ kámẹ́rà. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ wọn ti wá.

Ní 1994, ọ̀rẹ́ wọn kan, ìyá aránṣọ, wá ya àwòrán fún ọmọ wọn kan ṣoṣo tó ń lọ sí òkè òkun. Iná sítóòfù ti jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ìyá aránṣọ. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí wọn kò ti dúró níwájú kámẹ́rà. Màmá fi òjìji bo àpá náà pátápátá. Gbogbo wa la yìn ín. Ìyá aránṣọ wò ó títí, wọ́n ní, “Ọ̀rẹ́ mi, àwòrán yìí dára. Ṣùgbọ́n ibo lo gbé ìdajì ojú mi sí? Ọmọ mi ò ní mọ ẹni tó wà níbí yìí.”

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá gbé kámẹ́rà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ní, “Jọ̀ọ́, má bínú. Jẹ́ ká tún un yà.” Wọ́n yí àga kọjú sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní kí ọ̀rẹ́ wọn gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ ìránṣọ, torí ọwọ́ tó bá mọ iṣẹ́ kì í tijú. Àpá hàn, ẹ̀rín náà hàn. Èyí ni ọmọ náà gbé lọ.

Láti ọjọ́ náà, Màmá kì í ya ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ bi í pé, “Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n rí?”

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 1998, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní yíya àwòrán ní gbọ̀ngàn ìjọ wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó fẹ́ ṣe módẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, àwọn arúgbó tí kò ní àwòrán kankan nílé náà a máa wá ya tiwọn. Màmá a ní, “Ẹ má pàṣẹ fún ojú, ẹ bá a sọ̀rọ̀.” Bàbá wa ṣáájú wọn lọ ní 2011.

Màmá sùn nínú Olúwa lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ọmọ-ọmọ-ọmọ wọn àkọ́kọ́ jó lórí itan. Ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án àti ọmọ ọwọ́ náà ni wọ́n fi sáyé lọ.

Àwòrán tó wà nílé wa lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Nígbà tí a wá ti Màmá fún ìwé ètò ìsìnkú yìí, mọ́kànlá péré la rí, torí ẹ̀yìn kámẹ́rà ni wọ́n máa ń wà. Èyí tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́, àbúrò wa ló yà á níbi tí Màmá ti ń bá a wí: ẹnu là sílẹ̀, orí tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, oòrùn ta síwájú orí. Kò sí òfin Màmá kan tí àwòrán náà kò rú. Ẹ má bínú, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹ sinmi, ìyá wa. Kí Ẹlẹ́dàá tẹ́ ibùsùn tó tutù fún yín.