Ẹ Má Fi Wọ́n Ṣe Àlejò Mọ́

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìdúró de òjò. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kánádà níbí, ẹ má sì rò pé ẹnu lásán ni: orúnkún mi wà nílẹ̀ gan-an bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Délé, àti ìyàwó wọn. Mo kí pásítọ̀. Mo kí gbogbo ẹ̀yin ìyá tí ẹ jọ ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe púpurú ní ilé èéfín ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Omifunfun, ọwọ́ yín ò ní gbẹ. Ẹni tí mo bá gbàgbé kó má bínú, ẹ bá mi kí i.

Ẹ máa béèrè ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde fún gbogbo ayé kà. Màámi, mo mọ̀ yín. Bí mo bá fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin nìkan, ẹ ó kà á, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó fi sáàárín Bíbélì, ọ̀rọ̀ parí. Èyí tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo abúlé.

Òtútù ò tíì fi wá sílẹ̀ o. Yìnyín ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó ti dọ̀tí, ó kọ̀ kò lọ. Èmi nìkan ni mo ń gbé nínú yàrá méjì. Ọkùnrin tó ń gbé lókè mi, ọdún kẹta rèé tá a ti ń pàdé lórí àtẹ̀gùn, orí ló máa ń mì sí mi, n ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ní Omifunfun, ta ló tó bẹ́ẹ̀? Èèyàn ò lè lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹni mẹ́ta má béèrè bóyá inú ń run ún.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bó ṣe ń kúrò nínú ilẹ̀ títí tó fi ń dé inú abọ́. Píta, òyìnbó gíga onírùngbọ̀n pupa tí a jọ wá lọ́dún tó kọjá, ìmọ̀ ilẹ̀ ni tirẹ̀. Àwa méjèèjì la dá a lábàá pé ká máa kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sọ́dọ̀ yín nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe púpurú láti ìgbà tí wọ́n bá fa ẹ̀gẹ́ tu lóko títí dé ìgbà tí wọ́n bá rò ó lórí iná.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ọdún tó kọjá. Ẹ̀bi tiwa ni mo máa kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ìgbà tí oòrùn ń ràn níbí ni òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n èmi àti Píta jókòó ṣètò títí, a ṣètò oògùn ibà, a ṣètò àwọ̀n ẹ̀fọn, n ò rántí sọ fún un pé òjò ni. Ni akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ore pẹ̀lú awò dúdú lójú àti bàtà funfun báláú lẹ́sẹ̀. Òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Àwọn ọlọ́kadà ń du ẹrù wọn, àwọn tó ń ta búrẹ́dì ń pariwo, àwọn báàgì onítáyà wọn sì rì sínú ẹrẹ̀. Bọ̀dá Délé tó wá pàdé wa wo àwọn ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n mi wá wò mí, wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi bóyá etí òkun ni mo sọ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé à ń lọ.

Ó wá ku ẹ̀bi tiyín. Ọjọ́ kìíní tí a dé ilé èéfín, bí àwọn ọmọ ṣe mú ọ̀bẹ ni ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní èèwọ̀, àlejò kì í bó ẹ̀gẹ́. Ẹ gbé àga mẹ́jọ kalẹ̀, ẹ ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa wòran. Lójoojúmọ́ ni! Iyán láàárọ̀, púpurú àti ọbẹ̀ ẹja lọ́sàn-án, ìgbín lálẹ́. Píta tó de bẹ́líìtì wá, okùn ló fi so ṣòkòtò rẹ̀ padà, nítorí bọ́tìnnì ní òun ò lè ṣe é mọ́.

Nígbà tí a padà dé, ó di dandan kí olúkúlùkù kọ ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀kan kọ ọ́ pé òun jẹ púpurú, ó dùn. Òmíràn kọ ọ́ pé ohun tí òun kọ́ ni bí èèyàn ṣe ń sọ pé òun ti yó tí ẹnikẹ́ni ò sì ní gbà á gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pè wá, wọ́n ní bó bá jẹ́ ti jíjẹ àti mímu ni, àwọn ọmọ lè ṣe é nílé bàbá wọn. Wọ́n fún wa ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Bí àwọn tó ń bọ̀ lọ́dún yìí bá tún padà láìmọ iṣẹ́, ètò náà ti kú nìyẹn. Màámi, bó bá kú, n ò mọ ìgbà tí mo tún máa fojú kàn yín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń sanwó ọkọ̀ òfuurufú mi nítorí pé èmi ni mò ń kó wọn wá. Agbára mi ò ká a. Kí ètò yìí tó bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́fà gbáko ló jẹ́ pé inú fóònù nìkan la ti ń rí ara wa.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ Ẹ́mílì ni. Ọjọ́rú tí ẹ lọ sí ìpàdé àdúrà, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn yọ́ wọ ilé èéfín, ó mú ọ̀bẹ, kò tíì bó ẹ̀gẹ́ kan tán tó fi gé ara rẹ̀ níka. Ọgbẹ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe dé tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀, igbe yín dé etí àwọn tó ń fín kòkó lóko. Ẹ bẹ Píta, ẹ bẹ̀ mí, ẹ fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ ń béèrè ohun tí ẹ máa sọ fún ìyá tó bí i. Ó dáa, mo ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kí n kí yín gidigidi. Ó ní ọmọ òun kì í fọ abọ́ nílé, àmọ́ láti ìgbà tó ti dé ló ti ń wọ kíṣìnì láìjẹ́ pé ẹnì kan pè é. Ó ní bó bá tún wá, kí ẹ kúkú kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀bẹ. Ẹ́mílì sì ń bọ̀ o! Òun ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, àpá ìka yẹn ló sì ń fi hàn kiri bí ẹni tó joyè.

Láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ ni èmi àti Píta ti ń ṣètò ti ọdún yìí. Ẹ mọ Píta, kò sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀. Ó kọ ọjọ́ tí wọ́n máa rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, ó kọ ọjọ́ tí wọ́n máa fún un, tí wọ́n máa mọ ọ́n róbótó sórí àjà èéfín. Ó wá ní ká ṣe ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin ìyá máa fọwọ́ sí, pé ẹ gbà láti fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ ṣe. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún un pé bó bá gbé ìwé yẹn síwájú Màámi, wọ́n á fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀, wọ́n á sì gbé oúnjẹ fún un.

Bọ̀dá Délé ló yanjú rẹ̀ fún wa lórí fóònù. Wọ́n ní òyìnbó mẹ́jọ tó bá jókòó pa pọ̀, àlejò ni wọ́n máa jẹ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n ká fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní ọmọ kan, kí ọmọ náà máa sùn nílé rẹ̀, kí ìyá náà sọ ọ́ lórúkọ, ká wá wò ó bóyá kò ní máa lé e kiri láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé omi dà. Píta fa ètò rẹ̀ ya lójú mi. Ó ní ọgbọ́n yìí ju ọgbọ́n ìwé lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá mi, mo bẹ̀ yín. Ẹ sọ wọ́n lórúkọ. Ẹ rán wọn lódò. Bí wọ́n bá ṣe é tí kò dára, ẹ bá wọn wí, kí wọ́n tún un ṣe. Bí ọmọdé bá tó lọ́kọ́, à á fún un lọ́kọ́. Àwọn wọ̀nyí ti tó lọ́kọ́ tipẹ́. Kí Píta náà ní ìyá tirẹ̀. Irun rẹ̀ ti ń funfun lóòótọ́, àmọ́ ẹ fún un ní àdá.

Màámi, ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun gan-an ló sì gbé mi dé ìdí lẹ́tà yìí. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ padà lọ́dún tó kọjá, mo jí ṣáájú yín, mo mú ìgbálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àgbàlá. Iṣẹ́ mi ni láti kékeré. Ẹ jáde, ẹ rọra gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ ní kí n lọ jókòó, pé àlejò kì í gbálẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú gbéra ní Èkó, mo sunkún débi pé obìnrin tó jókòó tì mí gbé ìpápánu tirẹ̀ fún mi. Ó dùn mí o. Níbí, àlejò ni mí, orúkọ mi gan-an wọn ò lè pè é tán. Bí mo bá tún di àlejò ní Omifunfun, ibo ló kù tí mo ti jẹ́ ọmọ?

Bí a bá dé lóṣù Keje, ẹ má ṣàánú mi. Ẹ pariwo orúkọ mi láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ìbínú, bí ẹ ṣe máa ń pè é nígbà kan, kí gbogbo àdúgbò gbọ́ pé mo tún ti sùn pẹ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àárẹ̀ ṣe yín. Kí ẹ̀mí yín gùn, kí kòkó so, kí òjò mọ níwọ̀n. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Délé, kí ará ilé, kí ará oko, kí gbogbo Omifunfun.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí iṣẹ́ tí ẹ máa rán an,
Mọ́rẹ́nikẹ́