Òkúta Dúdú Tí Mo Jù Sínú Agolo

Ilé-Iṣẹ́ Òkúta Dirksmeyer,
Defiance, Ohio.
14 Oṣù Kẹwàá, 1994.

Merle, àbúrò tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́,

Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun katakata? Donna ńkọ́? Ṣé àgbàdo ti wọlé? Ara àwa le. Leota ìyàwó mi ń kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìdí ẹ̀ rèé.

O rántí Prescott Thayer, ọmọ olówó èédú. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo kọ̀wé pé kí Ìgbìmọ̀ Àgbà àwọn ọlọ́rẹ, àwọn olówó tó ń fowó ta aráyé lọ́rẹ, ní Ṣìkágò gbà mí, èmi tí n kò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹfà, tí mo fi ṣọ́bìrì kan ṣoṣo là, tí mo ra ọkọ̀ panápaná fún odindi ìlú. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé tó ń sọ irú ẹni tí n óò máa ta lọ́rẹ. Mo kọ̀. Thayer, alága wọn, ka lẹ́tà mi sókè fún gbogbo wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ jẹ́ kí olówó òkúta padà sídìí òkúta rẹ̀."

Mo padà lóòótọ́. Àwa méje tí wọ́n kọ̀ jókòó ní ọ́fíìsì mi lẹ́bàá kòtò tí a ti ń wa òkúta, à ń jẹ dónọ́ọ̀tì, a dá Ẹgbẹ́ Ọlọ́rẹ Olómìnira sílẹ̀. A ò ní ìwé ìdìbò, ni mo bá bu òkúta wẹ́wẹ́ wọlé, kí kálukú ju ẹyọ kan sínú agolo kọfí: funfun, a gbà, dúdú, a kọ̀. Dúdú kan ti tó láti ti ilẹ̀kùn. Agolo kọfí ọjọ́ náà la ṣì ń lò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣòfin pé kí gbogbo ọlọ́rẹ fi orúkọ hàn fún ìjọba, àwa la lọ Washington, òfin náà sì kú sórí tábìlì wọn.

Bàbá Prescott wá kú láì kọ ohun tí owó àjọ ìtọrẹ rẹ̀ wà fún sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà lé Prescott kúrò lórí àga bàbá rẹ̀. Owó èédú ni wọ́n fi ń san lọ́yà tó ń ti kòtò èédú pa! Òfin tó lè dá àjọ náà padà fún un, àwa là ń tì í lẹ́yìn nílé aṣòfin, ẹjọ́ ọmọ ẹgbẹ́ nìkan la sì ń gbé débẹ̀.

Ló bá wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fìlà lọ́wọ́, pé ká gba òun sẹ́gbẹ́. Ó pè mí ní "Ọ̀gá Dirksmeyer, sà". Ó ní kì í ṣe torí ara òun, torí orúkọ bàbá òun ni. Leota, tó ń bá wa kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, jókòó tì mí, ó fọwọ́ tọ́ mi lábẹ́ tábìlì.

"Orval, ó ti darúgbó. Fi sílẹ̀."

Mo ní ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Agolo dé ọwọ́ mi. Funfun mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mo ju tèmi sí i, ó sì dún.

Mo bá a níta lẹ́bàá ọkọ̀ rẹ̀. Mo ní: "Olówó òkúta padà sídìí òkúta rẹ̀, Prescott. Ẹyọ kan ló mú bọ̀ fún ọ." Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Bá mi kí Donna àti àwọn ọmọ. Òfin wa ní Thayer lè tún bèèrè lọ́dọọdún. Kó máa bọ̀. Kòtò mi jìn, òkúta dúdú sì pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í gbàgbé,
Orval Dirksmeyer.