Òpó Ilẹ̀kùn Zisha

Prestwich, Manchester,
Ọjọ́ Ajé.

Bluma, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo nírètí pé ara gbogbo yín le níbẹ̀ ní Antwerp, àti pé ikọ́ Shaya ti lọ. O ò sọ ibi tí ikọ́ náà já sí nínú lẹ́tà rẹ, o kàn ní ẹ wà dáadáa. Ọmọ tó bá ní òun wà dáadáa láìsọ ohun tó jẹ lánàá, ìyá rẹ̀ ò ní fojú kan oorun. Ní tèmi, a dúpẹ́. Orúnkún ṣì ń yọ mí lẹ́nu, apá ọ̀tún tí mo fi ṣubú lọ́dún tó kọjá kò sì tíì lè gòkè kọjá èjìká, ṣùgbọ́n mo ń jẹ, mo ń mu.

Ọ̀rọ̀ Zisha ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí ìwọ lo dá a sílẹ̀. Ìwọ lo jókòó sí kíṣìnì mi nígbà Àjọ̀dún Ìrékọjá tó o ní, "Màmá, ọjọ́ tí ẹ ò bá sí mọ́ ńkọ́?" Mo bínú sí ọ lọ́jọ́ náà, mo ní ṣé o ti ń gbẹ́ sàréè mi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà tí bàbá yín ti lọ, èmi àti Zisha àbúrò rẹ nìkan ló kù nínú ilé. Pé ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba nǹkan kò ní kó má dàgbà. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń fún ewú, èmi ṣì ni mò ń bá a so okùn bàtà.

Lẹ́yìn Àjọ̀dún Àgọ́, ó kó lọ sí ilé àjọgbé tí àwọn ará wa dá sílẹ̀ lẹ́yìn sínágọ́gù, fún àwọn àgbàlagbà tó dà bíi tirẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n níbẹ̀. Oúnjẹ wọn mọ́ bí Òfin ṣe wí, wọ́n ń pa Sábáàtì mọ́, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí àdúrà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Denise ló ń bójú tó wọn jù. Kì í ṣe ọ̀kan lára wa, ará Bury ni, ohùn rẹ̀ sì ń dún dé òpópónà, ṣùgbọ́n Zisha fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá a so okùn bàtà. Ó ní, "Màmá Zisha, mi ò so nǹkan kan o. Fúnra ẹ̀ ló ń so ó." Mo ní ó mà máa ń pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíì tí mo bá pò máa ń tutù kó tó parí. Ṣùgbọ́n ó ń parí ẹ̀."

Mo ń gbé ọbẹ̀ adìẹ lọ fún un ní gbogbo ìgbà. Má fi mí rẹ́rìn-ín. N kò ní wọn kì í fún un lóúnjẹ.

Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni mesúsà, àpótí kékeré tí ọ̀rọ̀ Òfin wà nínú rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà ló ní tirẹ̀ lára òpó, àfi ti yàrá wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá kó dé ni yóò gbé mesúsà tirẹ̀ wá, òun náà ni yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n pé ẹni tó bá gba yàrá níbi tí kì í ṣe Ilẹ̀ Mímọ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó di dandan fún un. Mo di ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn mú bí ẹni tó jìn sí kànga ṣe ń di okùn mú. Mo ní lọ́kàn ara mi pé níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì kàn án, àlejò ló jẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ìgbà tí èèyàn ò lè mú àlejò padà sílé.

Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ nílé ni Zisha ń fẹ́, èyí tí Bàbá Àgbà Gershon gbẹ́ nígbà tí a bí i, tó ya èso àjàrà sí lára. O rántí bó ṣe máa ń fọwọ́ kàn án, tí á wá fi ẹnu ko ìka rẹ̀, bó bá ń wọlé, bó bá ń jáde. Níbẹ̀, igi lásán ló ń fọwọ́ kàn. Ojú ibẹ̀ ti ń dúdú lára ọ̀dà funfun. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ló ń bi mí pé, "Màmá, tèmi dà?" Mo ní ó wà lọ́dọ̀ Reb Anshel tó ń kọ ìwé Òfin, ó ń yẹ ìwé inú rẹ̀ wò. Òótọ́ ni, mo gbé e lọ. Èyí tí n kò sọ fún un ni pé mò ń gbàdúrà kó pẹ́ níbẹ̀.

Kò pẹ́. Reb Anshel na ìwé awọ náà sábẹ́ iná, ó ní lẹ́tà kan ti sán nínú rẹ̀, bí ẹyọ kan bá sì ti sán, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn. Mo ní, "Ẹ ò rí i? Àmì ni! Ọlọ́run ò fẹ́ kó gbé ibẹ̀." O mọ bí bàbá yẹn ṣe máa ń gba orí awò ojú rẹ̀ woni. Ó ní, "Hinda, bí bàtà bá já, ṣé ẹsẹ̀ lo máa gé? Ìwé là ń pààrọ̀. A kì í torí ìwé kó kúrò nílé." Mo ní ṣebí ó sán ṣáá. Ó ní, "Ó sán lóòótọ́. Ẹnu ọ̀nà tìrẹ ló sì wà nígbà tó sán. Kí ló dé tí o ò ka ìyẹn sí àmì?" Ó kọ ìwé tuntun sínú rẹ̀, mo gbé e lọ sílé.

Lánàá ni mo gbé e lọ fún Zisha. Àmọ́ mo mú báàgì ìrìn àjò ńlá bàbá yín dání pẹ̀lú, lófo. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀fìnkìn ń ṣe Zisha, mo sì ti pinnu pé n ó sọ pé kó wá sinmi nílé díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá fi lè rẹ̀wẹ̀sì báyìí, n ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, mesúsà á sì bá wa padà.

Mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé bí mo ṣe máa ń ṣe. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ kan ilẹ̀kùn." Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Mo padà síta, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo kàn án.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta ni?"

"Ìyá ẹ ni!"

"Ẹ wọlé, Màmá."

Pinchas, tí yàrá tirẹ̀ kọjú sí ti Zisha, ti ń fẹ̀rín pa ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní, "Zisha! Ìyá tó bí ẹ lò ń ṣe bí ọlọ́pàá sí!"

Mo bi í pé ṣé kò ní bá mi lọ sílé fún ọjọ́ mélòó kan, kí ọ̀fìnkìn náà fi lọ. Ó wo báàgì. Ó ń fa etí rẹ̀ bó ṣe máa ń fà á bó bá ń ronú. Ó wá ní, "Ta ló máa se ọbẹ̀ Ọjọ́rú?" Mo ní ọbẹ̀ wo? Ó ní, "Èmi ni mo máa ń se ti Ọjọ́rú. Pinchas ló ń se ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tiẹ̀ máa ń jóná." Pinchas fi igbe ta: "Irọ́ ni! Ẹ̀ẹ̀kan péré ló jóná!" Zisha ní, "Ẹ̀ẹ̀kan, àti èyí tó tẹ̀ lé e." Ó wá kọjú sí mi. Ó ní, "Mi ò lè wá, Màmá. Mo nílé."

Bluma, kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò ń rọ̀.

Mo yọ mesúsà nínú àpò mi. Pinchas sáré lọ mú òòlù, Denise sì fa ìlà méjì sára òpó, bí Reb Anshel ṣe júwe rẹ̀, pé kò gbọdọ̀ ga ju ti òkè, kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀. Zisha ga bíi bàbá rẹ̀, gbogbo wa rò pé ọ̀gangan ojú ara rẹ̀ ni yóò kàn án sí. Ó ní, "Màmá, ẹ gbé ọwọ́ yín sókè. Èyí tó ń dùn yín." Mo gbé e títí apá fi kọ̀. Ó di ìka mi mú, ó fi í lé igi. Ó ní, "Ṣé ibí ló mọ?" Mo ní ibẹ̀ ló mọ. Orí ìlà ìsàlẹ̀ gan-an ló bọ́ sí. Ibẹ̀ ló kàn án sí.

Ó fi òòlù na àtàǹpàkò ara rẹ̀. Mo fò síwájú, Denise sì di aṣọ mi mú láti ẹ̀yìn. Ìṣó kan tẹ̀, ó yọ ọ́, ó mú òmíràn. Pinchas ń sọ àdúrà mesúsà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, Zisha ń tẹ̀ lé e, gbogbo wa ṣe àmín. Mesúsà náà dagun ju bó ṣe yẹ lọ, ẹnikẹ́ni ò sì bá a tún un ṣe. Mo fọwọ́ kàn án, mo fi ẹnu ko ìka mi. Apá ò dùn mí.

Báàgì kò sì padà lófo. Zisha gbé e lọ sí kíṣìnì, ó kó gbogbo abọ́ tí mo ti ń fi gbé ọbẹ̀ wá sínú rẹ̀, ó ti fọ̀ wọ́n, ó sì fi bébà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ má gbé ọbẹ̀ wá mọ́, Màmá. Ẹ wá jẹ tèmi lỌ́jọ́rú." Mo ní n ó wá. Ara mi kò tíì balẹ̀ nípa iná gáàsì yẹn ṣá, n ó bá Denise sọ̀rọ̀.

Ojú ìṣó méjì ló kù lára òpó yàrá rẹ̀ nílé níbí. Reb Anshel ní yàrá náà kò gbọdọ̀ wà lófo, nítorí èèyàn ṣì ń gbé inú ilé, mo sì ti ra òmíràn. N ó kàn án lọ́la. Bí ẹ bá dé nígbà àjọ̀dún Hánúkà, Shaya ni kó máa sùn níbẹ̀. Jọ̀wọ́ wọ aṣọ òtútù fún un lójú ọ̀nà, kí ìwọ náà sì dín iṣẹ́ kù. Mo gbọ́ àárẹ̀ nínú ohùn rẹ lórí fóònù.

Kí Ọlọ́run àwọn baba wa máa ṣọ́ àtijáde yín àti àtiwọlé yín. Kó fún ọkọ rẹ ní ìlera, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ gbó kí wọ́n tọ́, kó sì jẹ́ kí ìwọ àti àbúrò rẹ máa rí ara yín lẹ́yìn mi.

Èmi ni ìyá rẹ tí àníyàn rẹ kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀,

Hinda.

Mo gbàgbé: Zisha ní kí n sọ fún ọ pé bí o bá dé ọ̀dọ̀ òun, kí o kan ilẹ̀kùn. Kàn án o. Èmi náà ti ń kàn án.