Aṣọ Ọmọlángidi Kan Ṣoṣo

                                                            Agboolé Aláṣọ-Òfì,
                                                            Ìsàlẹ̀ Ọjà,
                                                            Ìsẹ́yìn.
                                                            Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án, 1982.

Ọmọ́bọ́lá, ọ̀rẹ́ mi tó ti di ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ṣakí níbẹ̀? Bàbá àti Màmá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́? Ẹ̀gbọ́n wa Cornelius ńkọ́, ṣé ó tún ti kọ̀wé láti ilẹ̀ Jàpáàn? Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ tuntun ńkọ́, ṣé wọn ò tíì sọ ọ́ di arúgbó? Mo kí gbogbo yín, mo tún yín kí. Bí o bá ní èmi ńkọ́, ara ti ń yá díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Ọmọ́bọ́lá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo tún fà á ya, torí pé bí mo bá ti ń kà á padà ni àyà mi tún ń já.

Aṣọ ọmọlángidi wa ló fà á. O rántí ọjọ́ tí Cornelius fi ìwé aṣọ yẹn ránṣẹ́ láti ibi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi tí a ń wo àwọn ọmọge Jàpáàn tó múra bí ọmọlángidi: léèsì lọ́rùn, léèsì lọ́wọ́, rìbọ́n lórí, yẹ̀rì mẹ́ta lábẹ́ gáùn tó jẹ́ kó ṣí bí agbòjò. Àgbàlagbà obìnrin ni wọ́n, wọn ò sì tijú ẹnì kankan. Ìwọ lo kọ́kọ́ ní, "Táyé, kí ló dé tí àwa náà ò lè rán an?" A wá fi àdéhùn sí i pé méjì la ó rán, ọjọ́ kan náà la ó sì jọ wọ̀ ọ́. Ìjọba gbé ọ lọ sí Ṣakí kí n tó gé tìrẹ. Àìrìn jọ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Èmi ni mo jẹ̀bi, mi ò lè dúró dè ọ́ mọ́.

Mo fi aṣọ aláwọ̀ ojú sánmà rán tèmi. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbé wá láti Ìgànná ni mo fi mú àwọn yẹ̀rì náà le, tí wọ́n fi ń dún ṣàkàṣàkà bí mo bá ń rìn. Léèsì ló tán nígbà tó ku ọrùn. Mo bá tú àpò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá mi, mo sì rí gáùn kékeré kan níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa: Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, ló ra irú rẹ̀ méjì láti Kútọnu nígbà tí wọ́n ń gba Ijio létí ààlà ṣòwò, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé. Mo ní tèmi ìjọ́sí nìyí. Mo tú léèsì ọrùn rẹ̀, mo rán an mọ́ tuntun. Ó yà mí lẹ́nu pé léèsì ogún ọdún ṣì funfun báyẹn, ṣùgbọ́n inú mi ti dùn jù, mi ò rò ó síwájú.

Má fi mí ṣẹ̀sín o. Ìgbà tí mo wọ̀ ọ́ jáde, tí mo so fìlà rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n bíi ti ọmọ tuntun, àwọn ìyá aláta bi mí pé ta ló bímọ lónìí. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Àlùfáà wò mí títí, kò rí ibi tó máa bá wí, nítorí aṣọ náà bò mí láti ọrùn dé kókósẹ̀. Ṣùgbọ́n èjìká mi fúyẹ́, Ọmọ́bọ́lá. O mọ̀ pé láti ìgbà tí Kẹ́hìndé ti rìnrìn-àjò (Ìyá kì í jẹ́ kí a pe ìyẹn ní ikú), ọmọ ọdún mẹ́fà péré ni mí tí gbogbo ilé ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí àgbà. Kò sẹ́ni tó tún bá mi ṣeré ọmọlángidi mọ́. Nínú aṣọ yìí mo rí ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn, mo sì jẹ́ kó ṣeré tẹ́rùn. Mo bá lọ ya fótò.

Ládòkun ayàwòrán ló yà mí, ẹni tó ti ń ya ìdílé wa kí wọ́n tó bí mi. Ó ní kí n jókòó sí apá ọ̀tún bẹ́ńṣì, kí n wo iwájú. Ó yà á. Ó ní kí n bọ́ sí apá òsì, kí n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó tún yà á. Mo rò pé fótò méjì ló máa fún mi. Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, ẹyọ kan ló nà sí mi, èmi méjì ló sì wà lórí bẹ́ńṣì kan. Ọ̀kan ń wo iwájú. Èkejì ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Orí mi wú. Inú Ládòkun ní tirẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn? Ìgbà tí mo rí i pé o múra bí ọmọdé, ìwọ Táyé nìkan, mo ní ẹ̀n-ẹ́n, fótò ẹnìkejì ẹ lo wá yà." O mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe é fún àwọn tí ìbejì wọn ku ẹyọ kan: á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì fi wọ́n ṣe ẹyọ fótò kan kí òbí lè rí àwọn méjèèjì pọ̀. Kò bi mí léèrè, torí lójú tirẹ̀ kò sóhun tí èèyàn ń béèrè níbẹ̀.

Mo fẹ́ fi fótò náà pamọ́, Ìyá bá a lọ́wọ́ mi. Mo rò pé wọ́n á figbe ta. Wọ́n kàn gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n sì sọ jẹ́jẹ́ pé, "Kẹ́hìndé, o mà ti dàgbà o." Èyí tó ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìka kan ọrùn aṣọ.

"Níbo lo ti rí léèsì yìí?"

Mo ní gáùn mi àtijọ́ ni.

"Tìẹ kọ́. Tìẹ ti gbó mọ́ ẹ lára kó o tó lọ sílé ìwé. Ti Kẹ́hìndé ni. Kò wọ̀ ọ́ rí."

Ìgbà náà ni mo rántí. Ọ̀sẹ̀ Iléyá tí a fẹ́ wọ aṣọ náà ni ìgbóná-èèyí mú un, ìdí nìyẹn tí léèsì fi funfun.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ibà gbé mi dè. Nọ́ọ̀sì ní ibà lásán ni, ó fún mi ní oògùn tó máa ń yúnni lára, mo sì gbà á gbọ́ títí mo fi délé. Ṣé o mọ̀ pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n? Òun ló rán mi ṣíwájú pé kí n wá tọ́ ayé wò. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ lè pe èèyàn padà. Èmi tí mo mọ̀ láti kékeré pé bí wọ́n bá ra àkàrà kan fún mi wọ́n á ra èkejì, mo dá aṣọ kan rán fún ara mi, mo sì tún bọ́ léèsì lára tirẹ̀. Mo fẹ́ dáná sun aṣọ tuntun náà, Ìyá gbà á lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní, "Lọ rán èkejì." Mo ní ìwọ̀n ta ni kí n fi gé e. Wọ́n ní ìwọ̀n ẹni tó wà nínú fótò. Mo ti rán an. Mo pín léèsì náà sí méjì, ìdajì fún ọ̀kan, ìdajì fún èkejì. Aṣọ èkejì so kọ́ sí yàrá Ìyá báyìí. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ wọlé lọ́sàn-án gangan, àwọn yẹ̀rì náà á máa dún, èmi á sì sá jáde sí ìta. Ìyá ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láàárọ̀ Iléyá, torí pé aṣọ tí kò bá rí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, ẹni tó ni ín á wá gbé e fúnra rẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìwé ìwọ̀n rẹ ló wà lórí tábìlì mi, òun ni mo fi gé e. Mi ò sọ fún Ìyá.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ yìí kì í ṣe kékeré. Ọmọ ìjọ ni ọ́, o sì lè ní kò kàn ọ́. Aṣọ tí a fi ṣàdéhùn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan mọ́. Bí o bá wọ̀ ọ́, Ìyá á pè ọ́ ní Kẹ́hìndé, wàá sì ní láti dá wọn lóhùn.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá. Sọ fún Cornelius, bí o bá ń kọ̀wé sí i, pé ìwé aṣọ rẹ̀ ti dé ibi tí kò rò. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé díẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, má kọ ọ́ sínú lẹ́tà, gbé e dání máa bọ̀. Ohun gbogbo nílé wa, méjì méjì ni, ẹ̀rù yìí nìkan ni mo ń dá ní.

                                                            Èmi ni Táyé rẹ tó ń wo ọ̀nà Ṣakí,
                                                            Àwáwù Táyélolú.