Afárá Gọ́tà Wa Tí Aṣòfin Méjì Kọ́

Ilé Aláwọ̀ Ewé,
Ẹ̀yìn Gọ́tà Ńlá.
Ọjọ́ Àìkú, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ ọmọ rẹ tó máa ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ara tèmi le kóko. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ gun àga mọ́. Mo gun ún lánàá.

O ní o fẹ́ mọ irú àdúgbò tí a wà kí o tó wá bá mi gbé, àti pé o ò ní í wá àfi tí wọ́n bá ṣe afárá sórí gọ́tà iwájú ilé mi, torí orúnkún rẹ ò lè rìn lórí pákó tí a fi ń kọjá. Ó dáa, gbọ́.

Gọ́tà yẹn ni ààlà. Ẹkùn ìdìbò kan ló wà lódìkejì, òmíràn ni tiwa. Àwọn tòdìkejì ní géètì, ajá wọn sì sanra ju olówó wọn lọ. Wọn kì í kí èèyàn, orí ni wọ́n ń mì bí alángbá. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn télọ̀ wà, àwọn mẹkáníìkì, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, àti àwọn àlejò ẹ̀bá ojú irin tí n kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ àgbà lágbà.

Aṣòfin tiwa là ń pè ní Jùwọ́-kọjá. Inú mọ́tò ló ti ń juwọ́ sí wa, kì í sọ̀ kalẹ̀. Tòdìkejì, Onígíláàsì, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ẹni tí ọwọ́ mi sì tó ni mo ń bá wí. Tó bá ti ń kọjá, màá gbé àga síta.

“Ìwọ Onígíláàsì! Ṣé gíláàsì yẹn ò rí gọ́tà ni?”

“Ìyá, ẹ má bínú, ẹ ò sí ní ẹkùn tèmi.”

“Ta ló bi ọ́ ní ẹkùn? Afárá ni mo ń wí!”

Nígbà tó sú u, ó kó bíríkìlà wá. Mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé àbúrò mi ń bọ̀. Àṣé àárín gọ́tà ni wọ́n máa dúró sí! Bíríkìlà ri òpó mọ́bẹ̀, ó na afárá dé orí rẹ̀, ó palẹ̀ mọ́. Ó ní ibẹ̀ ni ààlà wà, ọ̀gá òun kì í ro oko olóko. Ìdajì afárá! Ajá wọn wá sọ ọ́ di yàrá, ó ń jókòó síbẹ̀ wò mí.

Télọ̀ ní, “Ìyá, ẹ kú oríire ìdajì o.”

Èmi kẹ̀? Mo gbé àga mi, ó di àárín ọ̀nà Jùwọ́-kọjá. Ó juwọ́, èmi náà juwọ́. Ó tẹ fèrè, mo ní kó tún un tẹ̀, ó dùn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, bàtà rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀.

“Ìyá, kí lẹ fẹ́ gan-an?”

“Ọwọ́ ọ̀tún ti wẹ tiẹ̀, òsì dà? Àbí ajá ni kó máa fi wá rẹ́rìn-ín?”

Ìdìbò ti sún mọ́lé, ó kó bíríkìlà tiwa wá kó parí ìdajì tó kù. Àbúrò mi, afárá ti parí!

Àtẹ̀gùn kékeré kan ló wà láàárín rẹ̀. Wọ́n á sọ fún ọ pé bíríkìlà wa ló ṣìṣe. Irọ́ ni. Èmi ni mo dúró tì í pé tiwa gbọ́dọ̀ ga ju tiwọn lọ. Ó ní orúnkún àbúrò mi ńkọ́? Mo ní ọmọ ìyá mi ò ní í bá ajá rin ilẹ̀ kan náà wọlé mi.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní kí n kí ọ, ó ti ń wá òróró orúnkún sílẹ̀. Má mikàn rárá. Mo ti gbé àga mi sórí àtẹ̀gùn náà. Tó o bá ti dé ìdajì tiwọn, pè mí, màá fà ọ́ gòkè wá sí tiwa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í gbà,
Ìyá Orí Àga.