Ìdọ̀bálẹ̀ Mẹ́wàá Láàárọ̀, Mẹ́wàá Nírọ̀lẹ́

Odò-Ọ̀pẹ, lẹ́bàá Iléṣà.

Tìmílẹ́yìn ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Lafiaji? Ṣé bàtà ń tà ní Ọjà Balógun? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà yà kúrò ní ìsọ̀ rẹ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì, èmi náà sì wà láàyè, àfi ẹ̀yìn mi tí a jọ mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Inú ti ń bí mi sí ọ láti ọjọ́ tí o mú mi lọ sọ́dọ̀ Dókítà Ṣèyí, ọmọdé tó ń fi ọwọ́ wo ẹ̀yìn l'Ékòó níbẹ̀ yẹn. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní kí n fún ìrora mi ní máàkì, láti orí òdo dé orí mẹ́wàá, mo sì fún un ní òdo, nítorí kò hùwà ẹni tó yẹ kó gba máàkì. Ló bá bi mí pé kí ni mo wá ṣe nígbà náà. Kò gún mi lábẹ́rẹ́, kò fún mi ní ẹyọ oògùn kan, ó kàn fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn mi títí ó fi dẹ̀, ìyẹn dùn mọ́ mi o, mi ò ní purọ́. Àfi bó ṣe ní kí èmi Àkàndé, tí àkọ́bí mi jù ú lọ, dojú bolẹ̀ níwájú òun, kí n fi ọwọ́ ti àyà sókè, kí n tún lọ sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá! Mo ní ọmọ yìí fẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ fún òun ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ ọkọ̀ Iléṣà láì dágbére fún ọ.

Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí bí mo bá rántí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé àwọn Ọláyẹmí ìyàwó rẹ ní Ita Faji, bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àna wa tí n kò lè dìde mọ́, tí èèyàn mẹ́ta gbé mi bí àpò ìrẹsì. Ìdána sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ni mo bá ní kí Táíwò, káfíńtà ìtòsí wa, gbé fóònù rẹ̀ wá, èyí tí o fi fídíò dókítà ránṣẹ́ sí, níbi tó ti ń ṣe ìdọ̀bálẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Mo yí ojú fóònù sí ògiri kó má baà rí mi, mo wá dojú bolẹ̀. Ìyá rẹ wọlé bá mi nílẹ̀, ó ní òun ti dárí jì mí. N kò béèrè ẹ̀ṣẹ̀ wo, mo dúpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ìyá rẹ ń fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ ẹ̀yìn fún mi, mo sì ń ṣe mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Láná mo bẹ̀rẹ̀ mú ọkọ́ nílẹ̀ fúnra mi, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Bá mi bẹ dókítà, ṣùgbọ́n sọ fún un pé kì í ṣe òun ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún o. Ọ̀nà Ita Faji ni mo máa ń kọjú sí. Jẹ́ kí àwọn àna wa mọ̀ pé mo ti kí wọn nígbà okòólénírinwó.

Fi owó ọkọ̀ èmi àti ìyá rẹ ránṣẹ́, kí o fi ti ẹní tuntun kún un, àyà mi ti dá èyí tó wà nílẹ̀ lu. Ilé rẹ á tòrò, o ò ní ṣubú níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ gbé ń dúró. Lọ́jọ́ ìdána, bí àwọn àna bá ti ní ká dìde, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí. Máa wò mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkàndé.